Orin "Òpópónà Mi" tí àwọn ọmọ fi AI ṣe: kí ni ká ṣe nípa etí wọn?

Olùkọ́Orin_Yábàá

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Olùkọ́ orin ni mí ní ilé-ìwé kan ní Yábàá, JSS 3 ni mò ń kọ́. Kí a tó lọ fún ìsinmi ààrin táàmù, mo fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àṣetiléwá kan: kí oníkálukú tẹ́tí sí òpópónà tó ń gbé, kó fi ohun tó gbọ́ ṣe orin ìṣẹ́jú kan. Mo ní wọ́n lè fi ẹnu ṣe é, wọ́n lè lu ìkòkò àti ìgò, wọ́n sì lè fi fóònù òbí wọn gba ohùn sílẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ sórí ààpù AI tó ń ṣe orin, wọ́n tẹ gbólóhùn kan sí i, ohun tó bá jáde ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Orin náà dùn. Àmọ́ ọmọ tó ń gbé Mákòkó, èyí tó ń gbé Adékúnlé àti èyí tó ń ti Èbúté Mẹ́ta wá, òpópónà kan náà ni gbogbo wọn ń gbé nínú orin yẹn. Ìlù kan náà, fèrè kan náà, òjò kan tó ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́yìn. Kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí kọ̀ńdọ́, kò sí ẹni tó ń kiri ọjà. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ní orin Yorùbá nínú. Ẹ̀rọ yẹn fẹ́ kọ "òjò ń rọ̀", ó gbé ohùn sókè níbi tí kò yẹ, ó di Òjó.

Mo wá bi ọmọ Mákòkó yẹn pé, "Kí lo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ tó o bá jí láàárọ̀?" Ó dákẹ́, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Àǹtí, mi ò tíì fetí sí i rí." Ọmọ tí omi ọ̀sà ń gbá lábẹ́ ilé rẹ̀! Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn, ó ju ti AI lọ.

Ṣé kí n kúkú fòfin de AI ní kíláàsì mi ni, àbí ọ̀nà wà tí a lè gbà lò ó tí etí àwọn ọmọ yìí á sì là sí i? Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin onílù, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ohùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ẹlẹ́rọ_Ohùn

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Sítúdíò ni mo ti ń jẹun, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí gbogbo òpópónà yẹn fi jọra.

Orin tí àwọn èèyàn ti ṣe sílẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ẹ̀rọ yìí. Èyí tí Google pè ní MusicLM, tí wọ́n kéde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, orin tí wọ́n fi kọ́ ọ tó wákàtí 280,000. MusicGen ti Meta, tó jáde ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, wákàtí 20,000 ni tirẹ̀. MusicGen máa ń gé ìṣẹ́jú-àáyá kan ohùn sí ọ̀nà 50, á sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà, á wá máa wo àwọn nọ́ńbà tó ti kọjá kó lè mọ èyí tó ṣeé ṣe jù pé kó tẹ̀ lé wọn. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn títí orin fi máa parí.

Ẹ fọkàn sí "èyí tó ṣeé ṣe jù" yẹn. Tí ọmọ bá tẹ "òpópónà ní Èkó", ẹ̀rọ yẹn á lọ bá ohun tó wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo orin tí wọ́n fi orúkọ Áfíríkà ṣe àkọlé rẹ̀. Ìdí tí ẹ fi gbọ́ fèrè àti ìlù nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò yín kò sí lára ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, torí kò sẹ́ni tó ń ta á bí orin. Àwa oníṣẹ́ ohùn gan-an, ohun tí wọ́n ń sanwó fún wa láti yọ kúrò nìyẹn. Tí òṣèré bá wá kọrin, tí jẹnẹrétọ̀ bá wọ inú máíkì, a ó dá iṣẹ́ dúró. Torí náà, gbogbo orin tí ẹ̀rọ yẹn jẹ yó, a ti gbá Èkó kúrò nínú ẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bíìtì_Múṣin

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ẹ̀yin àgbà, mo fẹ́ gbèjà àwọn ọmọ yẹn díẹ̀.

Ilé-ìwé tí mo lọ ní Múṣin, kíbọ́ọ̀dù kan ló wà fún gbogbo wa, inú ọ́fíìsì ọ̀gá ni wọ́n tì í mọ́. Ojú pátákó ni wọ́n ti kọ́ wa ní orin. Wọ́n ya fáyólìn sójú pátákó, wọ́n ní ká kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Mo jáde ìwé mẹ́wàá láìgbọ́ fáyólìn rí. Ọdún tó kọjá ni mo kun orin kan sínú fóònù, AI fi fáyólìn àti tùrọ́ńbóònù sí i, mo sì ń sunkún. Ẹ má bínú, òótọ́ ni mò ń sọ. Ohun tó wà lọ́kàn mi láti kékeré ni mo ń gbọ́ yẹn.

Tí ẹ bá fòfin dè é, ọmọ olówó á ṣì máa lò ó nílé, á sì tún ní olùkọ́ dùùrù. Ọmọ Mákòkó ló máa pàdánù. Iṣẹ́ tí ẹ fún wọn ló dáa, Àǹtí. Mo rò pé wọn kò mọ ohun tí ẹ ń pè ní gbígbọ́ ni, torí kò sẹ́ni tó ti ní kí wọ́n gbọ́ nǹkan kan rí.

Ẹlẹ́rọ_Ohùn

Àbúrò, òótọ́ lo sọ, mi ò bá ẹ jà. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé ọ̀rọ̀ ẹni tó ni orin tí ẹ̀rọ yẹn jẹ ṣì wà nílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àwọn ilé-iṣẹ́ orin ńlá ní Amẹ́ríkà gbé àwọn tó ni Suno àti Udio, ààpù AI méjì tó ń ṣe orin, lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀ pé wọ́n lo orin àwọn láìgbàṣẹ. Lẹ́yìn náà, àwọn kan nínú wọn ti bá ara wọn ṣàdéhùn. Ó yẹ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ló wà nínú ohun tí wọ́n ń gbọ́ yẹn.

Ìyá_Ìbejì_Súúlérè

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi kì í ṣe olórin o, ọmọ mi méjì ló wà ní JSS. Olùkọ́ wọn náà fún wọn nírú iṣẹ́ yìí, ó ní kí wọ́n lọ gba ìró ọjà sílẹ̀. Fóònù ta ni wọ́n máa gbé lọ sí ọjà? Ní Ojúẹlẹ́gba, kí ọmọ ọdún mẹ́tàlá di fóònù sókè, kó di ojú, kó ní òun ń gbọ́ nǹkan? Kí ọ̀kadà gbá a, àbí kí wọ́n já fóònù gbà?

Àti pé, àwọn tí wọ́n ń gba ohùn wọn sílẹ̀ yẹn ńkọ́? Ìyá kan ń ná ẹja jẹ́ẹ́jẹ́ tirẹ̀, ọmọ kan ń gba ohùn rẹ̀. Èmi tí mo ń tajà, mi ò ní fẹ́ ẹ. Mo gbà pé gbígbọ́ dáa, àmọ́ kí ẹ rò ó dáadáa.

Àyàn_Ìsàlẹ̀Èkó

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọmọ Àyàn ni mí, ìdí ìlù ni wọ́n bí mi sí, ìdí rẹ̀ náà ni mo ti ń jẹun.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ gángan tí AI lù." Mo ní kó tún un fi. Mo ń wá ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Ìlù yẹn ń gbé ohùn sókè, ó ń gbé e sílẹ̀, èèyàn á ní ọwọ́ ń fún ọsán ni. Ó dún bí awọ gidi. Mo tún ní kó fi í lẹ́ẹ̀kan sí i, mo gbé etí mọ́ ọn. Kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Kò kí èèyàn, kò kì èèyàn, kò pòwe, kò bú ẹnì kankan. Ó ń dún ṣáá ni.

Nílé wa, tí ọmọdé bá lu irú ìyẹn, àgbà á dá a dúró, á bi í pé, "Kí lo sọ?" Tí kò bá lè fi ẹnu sọ ohun tó fi ìlù sọ, á gbé ìlù kalẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn, ẹni tó sì tẹ gbólóhùn sí i náà kò lè dáhùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àyíká tí Àǹtí ń sọ, ìlù mọ̀ ọ́n ju èèyàn lọ. Awọ ewúrẹ́ ló wà lójú ìyáàlù. Tí òjò bá ti ń ṣú bọ̀ láti ojú ọ̀sà, kí ẹ̀kán kan tó kán sílẹ̀, awọ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ohùn á wálẹ̀. A ó sá a sóòrùn tàbí ká yá a níná kó lè le padà. Nígbà ọyẹ́, ohùn á ga, awọ á fẹ́ máa ya, a ó máa tọ́jú rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Onílù tí kò bá gbọ́ ojú ọjọ́, òde ni ojú á ti tì í. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní gbígbọ́ nìyẹn, kí wọ́n tó gbé kọ̀ǹgọ́ fún wa rárá. Inú òde la ti gbọ́ ọ, láàárín ariwo, kì í ṣe inú yàrá.

Atẹdùrù_Marina

Àyàn, ẹ ṣeun. "Kí lo sọ?" yẹn, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi, màá lò ó fún ẹgbẹ́ akọrin lọ́jọ́ Sátidé.

Ọ̀rọ̀ Òjó tí Àǹtí sọ, ìjà àtijọ́ ni ní Èkó. Àwọn òyìnbó mú ohùn orin ìsìn wọn wá, wọ́n tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n sì fi ohùn yẹn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń lọ sókè, ohùn orin ń lọ sílẹ̀. T. K. Ekundayo Phillips, tó jẹ́ atẹdùrù àgbà ní Cathedral Church of Christ ní Marina láti 1914 títí di 1962, gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò gidigidi. Ó ṣe ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953, ó jẹ́ kó yé àwọn olórin pé ibi tí ohùn ọ̀rọ̀ bá ń lọ ni ohùn orin gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé e lọ. Abẹ́ rẹ̀ ni Fela Sowande, olórin àti atẹdùrù tó di gbajúmọ̀ lẹ́yìn náà, ti kọrin nígbà tó wà lọ́mọdé. Ẹ wá wò ó: ohun tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ṣe ní Marina, ẹ̀rọ ti tún gbé e padà wá sínú kíláàsì ní Yábàá, ó tún wá dùn, nítorí náà kò sẹ́ni tó kíyè sí i. Olùkọ́ tó gbọ́ Òjó níbẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ ńlá.

Ní ti kíkọ́ ọmọ láti gbọ́ àyíká, àwọn kan ti ṣe é kí a tó dé ibẹ̀. R. Murray Schafer, olórin ọmọ Kánádà, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ ní Simon Fraser University ní ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n ń gba ìró ìlú sílẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé. Hildegard Westerkamp tó bá wọn ṣiṣẹ́ máa ń kó èèyàn rìn káàkiri ìlú, wọn kì í sọ̀rọ̀, etí nìkan ni wọ́n ń lò. Schafer pín ìró ìlú sí oríṣi mẹ́ta: èyí tó máa ń wà nílẹ̀ nígbà gbogbo débi pé èèyàn kò gbọ́ ọ mọ́, èyí tó ń ké sí èèyàn pé kó fiyè sí nǹkan, àti èyí tó jẹ́ pé tí o bá gbọ́ ọ, o mọ̀ pé ibí yìí lo wà, kò sí níbòmíràn.

Lérékùṣù Èkó, mo lè kà á fún yín. Èyí tó wà nílẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀. Èyí tó ń ké síni ni fèrè ọlọ́pàá ojú pópó àti hóònù dánfó. Èyí tó jẹ́ ti ibẹ̀ nìkan ni kọ̀ńdọ́ tó ń pe "Obáléńdé, Obáléńdé, CMS!" pẹ̀lú ohùn tó jẹ́ pé kò sí olùkọ́ tó kọ́ ọ. Emeka Ogboh, ọmọ Nàìjíríà, ti gbé irú ìpè yẹn àti ìró Èkó lọ sí àwọn ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà lókè òkun, àwọn èèyàn dúró tì í, wọ́n ń gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ wa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Iná ìjọba ti Kánádà àti Amẹ́ríkà ń mì ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Schafer kíyè sí i pé tí òun bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun níbẹ̀ kun ohùn kan ṣá, ohùn tí wọ́n ń pè ní B lórí dùùrù ni wọ́n sábà máa ń kun, ohùn tó sún mọ́ ti iná wọn. Iná tiwa ń mì ní ìgbà 50, ohùn rẹ̀ bọ́ sí àárín G àti G sharp. Ẹ dúró nítòsí tiransifọ́mà tí iná bá wà, ẹ ó gbọ́ ọ. Àǹtí, ẹ bi àwọn ọmọ yín pé kí wọ́n kun ún.

Akẹ́kọ̀ọ́_Akọkà

Ẹ kú àlàyé sà. Mo fẹ́ bá a lọ láti ìhà tèmi. AI mìíràn wà tí kì í ṣe orin rárá, gbígbọ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀. BirdNET ni wọ́n ń pè é, Cornell Lab of Ornithology ní Amẹ́ríkà àti yunifásítì Chemnitz ní Jámánì ló jọ ṣe é. O gba ohùn ẹyẹ sílẹ̀, ó wò ó ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta-mẹ́ta, ó sọ fún ẹ ẹyẹ tó lè jẹ́. Ẹ̀yà tó mọ̀ ti ju 6,000 lọ.

A lò ó lẹ́bàá ọ̀sà níbí. Ẹ̀gà ló kún orí ọ̀pẹ, ẹ sì mọ ẹnu ẹ̀gà. Ẹ̀rọ dá a mọ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tó ti sọ orúkọ rẹ̀ fún wa, àwọn ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ níbi gbogbo, nínú hóòsìtẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn káfẹ́tẹ́ríà. Wọ́n ní ṣé ó ti ń ké níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Ó ti ń ké níbẹ̀ kí wọ́n tó wọ yunifásítì.

Ẹ má sì gba gbogbo ohun tó bá sọ. Ó pe hóònù kẹ̀kẹ́ Màrúwá ní ẹyẹ kan tí kò sí ní Áfíríkà. Ìyẹn gan-an dáa fún kíkọ́ ọmọ: ẹ̀rọ sọ ọ̀rọ̀, etí rẹ ló máa dájọ́.

Ọ̀pá_Funfun

Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń kọ, fóònù mi ló ń kà á fún mi. Mi ò ríran láti kékeré.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Third Mainland Bridge ṣe rí fún mi. Tí ọkọ̀ bá ti gun orí rẹ̀, táyà á máa kọlu oríkèé afárá, gbì-gbì, gbì-gbì. Bí ó bá yá, awakọ̀ ń sáré. Tí ó bá falẹ̀, gosílóò ti wà níwájú, mo sì ti mọ̀ kí àwọn yòókù tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè. Lórí ọ̀sà, ìró ọkọ̀ ń jáde lọ, kò padà, atẹ́gùn nìkan ló ń gba ojú fèrèsé wọlé. Tí a bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní Adéníjì Adélé, ìró á padà wá bá mi láti ara ògiri ilé. Mo ti wọ Èkó nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í sọ fún mi.

Nígbà tí mo gbọ́ orin "Lagos" tí AI ṣe, ohun tó dà mí láàmú ni pé mi ò mọ ibi tí mo dúró sí nínú ẹ̀. Ìlù ń dún níbi kan tí kò ní ògiri, tí kò ní òkè, tí kò ní ọ̀nà jíjìn. Òjò ń rọ̀, kò bọ́ sórí páànù, kò bọ́ sórí omi. Sórí kí ló ń rọ̀? Ẹ bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè yẹn. Ẹni tó bá ti gbọ́ òjò lórí páànù nílé ara rẹ̀ á mọ̀ pé nǹkan ń kù.

Bíìtì_Múṣin

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀pá Funfun, ọ̀rọ̀ yín gbá mi láyà. Mo padà lọ gbọ́ orin tí mo sọ pé mo sunkún sí. Fáyólìn yẹn ṣì dùn mọ́ mi. Àmọ́ mo bi ara mi pé inú yàrá wo ni wọ́n ti ń ta á, mi ò rí èsì.

Mo lọ gba ìró fúlọ́kanáísà tó wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò wa sílẹ̀ láàárọ̀ yìí, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn yẹn. Tó bá ń kún, ohùn rẹ̀ ń ga díẹ̀díẹ̀, lójijì á já, ṣìììì. Mo fi ṣe ìpìlẹ̀ bíìtì, mo wá ní kí AI bá mi fi fáyólìn tẹ̀ lé e. Kò lè tẹ̀ lé e, torí ohùn fúlọ́kanáísà kò bọ́ sórí kíbọ́ọ̀dù kankan. Èmi fúnra mi ni mo wá fi ẹnu kun tèmi lé e. Àwọn ará àdúgbò gbọ́ ọ, wọ́n ní, "Kọ̀rọ̀ wa nìyí!"

Olùkọ́Orin_Yábàá

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ń ka yín láàárín kíláàsì sí kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe.

Nítorí ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì, a kò jáde. A ṣí gbogbo fèrèsé kíláàsì, mo ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n fi Yorùbá kọ gbogbo ìró tí wọ́n bá gbọ́ bí ó ṣe dún gẹ́lẹ́. Ní àkọ́kọ́ wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ di ti gidi. Jẹnẹrétọ̀ ilé-ìtẹ̀wé ẹ̀yìn ọgbà di "dùgùdùgùdùgù". Géètì di "gbàgàm̀". Ẹni tó ń kiri òpópónà ń lu àlùmọ́gàjí rẹ̀, "kẹ́kẹ́kẹ́". Ọmọbìnrin kan gbé ọwọ́ sókè, ó ní jẹnẹrétọ̀ ti yí ohùn padà. Lóòótọ́, ó ti wálẹ̀. Wọ́n ti tan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹrù ti wọ jẹnẹrétọ̀ lọ́rùn. Gbogbo kíláàsì gbọ́ bó ṣe ń mí gùlegùle kó tó gbéra padà. Èmi tí mo ti ń kọ́ni nínú yàrá yẹn tipẹ́, ọmọ yẹn ló jẹ́ kí n gbọ́ ọ.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ ti ní ohùn lórí. "Dùgùdùgù" wà nílẹ̀, "kẹ́kẹ́kẹ́" wà lókè. A kàn kọ wọ́n sójú pátákó bí dò, re, mí, a pín kíláàsì sí mẹ́ta, a sì kọ ọ́. Orin ti jáde láìsí ohun èlò kankan. Kíbọ́ọ̀dù kan péré ni àwa náà ní, Bíìtì Múṣin, mo gbọ́ ẹ yé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá tan AI. Mo jẹ́ kí wọ́n jọ kọ gbólóhùn tí a máa tẹ̀ sí i, wọ́n sì kọ ọ́ gígùn: jẹnẹrétọ̀ tó ń mí, géètì, àlùmọ́gàjí, ẹyẹ kan lórí igi máńgòrò. Ohun tó jáde, fèrè àti ìlù. Wọ́n pariwo, "Àǹtí, jẹnẹrétọ̀ dà?" Mo ní kí wọ́n kọ ohun tó kù sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ kún ojú ìwé. Mo wá jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìlù inú ẹ̀ nìkan, mo bi wọ́n ní ìbéèrè Àyàn: kí ló sọ? Mo bi wọ́n ní ti Ọ̀pá Funfun: níbo ni ẹ dúró sí?

Mi ò ní fòfin dè é. Àmọ́ láti ìsinsìnyí, ẹ̀rọ á máa wọ kíláàsì mi lẹ́yìn etí. Ọmọ tí kò bá tíì kọ ìró àdúgbò rẹ̀ sílẹ̀ kò ní tẹ nǹkan kan.

Àyàn_Ìsàlẹ̀Èkó

Ọlọ́run á bù kún yín. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́, màá gbé ìyáàlù àti gúdúgúdú wá sí kíláàsì yẹn. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tí òjò bá ṣú, kí wọ́n gbọ́ bí awọ ṣe ń rọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Súúlérè

Ti fèrèsé yẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ti ní kí àwọn ìbejì ṣe é nílé. Taye gbọ́ ẹ̀rọ amómitutù, Kẹ́hìndé ní òun gbọ́ mi tí mo ń kọrin ní kíṣìnnì. Mi ò mọ̀ pé mo máa ń kọrin.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Tí wọ́n bá fẹ́ fi fóònù mi gba ohùn sílẹ̀ ní báákónì, kí ló dé tí gbogbo ẹ̀ ń dún bíi pé omi wọ̀ ọ́? Ohùn àwọn ọmọ nìkan ló mọ́, ìta kò jáde rárá.

Ẹlẹ́rọ_Ohùn

Ìyá Ìbejì, fóònù yín rò pé ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ ni. Wọ́n ṣe é kó máa mú ohùn ẹnu, kó sì máa pa gbogbo ìró ẹ̀yìn. Ẹ lọ sínú ètò ààpù tí ẹ fi ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ wá ibi tó ti ń dín ariwo kù, ẹ pa á. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ gba ààpù mìíràn tó jẹ́ kí ẹ pa á. Ẹ má fi ọwọ́ di máíkì ìsàlẹ̀ fóònù, ẹ gbé e lé orí aṣọ tó nípọn, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí atẹ́gùn.

Tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ lórí WhatsApp, ẹ má ṣe é bí fọ́ìsì nóòtì, ó máa fún ohùn pọ̀, ìró kékeré á sọnù. Ẹ fi í ránṣẹ́ bí fáìlì. Àǹtí, tí ọwọ́ yín bá tẹ kọ̀ǹpútà, Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún ohùn ṣe, jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ ṣí ohùn jẹnẹrétọ̀ yẹn níbẹ̀, ẹ yí i sí spectrogram, ìyẹn àwòrán tó ń fi bí ohùn ṣe ga sí hàn, àwọn ọmọ á fi ojú rí ibi tó ti wálẹ̀ nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Olùkọ́Orin_Yábàá

Mo ti ń gbé e wọ kọ̀ǹpútà báyìí. Àyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni kíláàsì wa, aago mẹ́wàá.